Kíkó Ẹrù, Títo Ẹrù: Àríwísí lórí Èdè-Ìperí Iṣẹ́ Ọkọ̀ Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lójú tiwa, àwa olùkọ́ èdè kì í sábà rántí òwe yìí nígbà tí a bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ èbúté. 'Kíkó ẹrù' ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe gbogbo iṣẹ́ náà. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí burú. Ohun tí a ń wí ni pé ó bo ohun tó ṣe pàtàkì jù mọ́lẹ̀.

Bí a bá wò ó fínnífínní, iṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. A ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. A ń tò ó. A ń dè é mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, a ń já a. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ló wá dé tí a fi ń dà wọ́n pọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi kòkó tó ń ti Èkó lọ sí Yúróòpù ṣe àpẹẹrẹ. Tọ́ọ̀nù kan kòkó inú àpò a máa gba àyè tó nǹkan bíi mítà kúbíìkì 2. Ti òkúta irin kò ju nǹkan bíi 0.4 lọ. Nítorí náà, kòkó lè kún inú ọkọ̀ bámúbámú kí ọkọ̀ má tíì rì dé ìlà ẹrù rẹ̀. Òkúta irin lè mú un rì dé ìlà kí àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wí pé 'ọkọ̀ ti kún', èwo ló ń sọ? A dábàá pé kí 'ó kún' jẹ́ ti àyè, kí 'ó dé ìlà' sì jẹ́ ti ìwúwo.

Bákan náà, bí ọkọ̀ bá wọ inú òtútù, ooru tó ti ara kòkó jáde a di omi lára irin ọkọ̀, a sì kán sórí àpò, èyí tó lè mú kí kòkó bu. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹ́ igi àti ẹní sáàárín àpò àti irin. Bí a bá pe èyí ní 'igi' lásán, a kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. 'Ìtẹ́dìí ẹrù' ni àwa yàn.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn ìlà ẹrù fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn akitiyan Samuel Plimsoll, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1876 sọ fífa ìlà yìí sára ọkọ̀ di dandan, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń yan ibi tí yóò fà á sí, títí di ìgbà òfin ti 1890. Ìlà wà, ààlà kò sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èdè-ìperí tí olúkúlùkù ń lò bó ti wù ú.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ lásán nìyí. A kò gbà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2014, ọkọ̀ Sewol dojú dé ní Gúúsù Kòríà. Ènìyàn 304 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí fi hàn pé ẹrù inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì èyí tí a fàyè gbà lọ, àti pé a kò dè é bó ti yẹ. A kó ẹrù, a kò dè é.

Àwọn ọmọ tí à ń kọ́ lónìí ni yóò ṣiṣẹ́ ní Àpápá àti Lẹ́kí lọ́la. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ sí èbúté, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ru ẹrù, kí ó tó jókòó ṣẹ̀dá èdè-ìperí.