Igi Dúdú Láàárín Oòrùn

Igi sáípírẹ́sì ṣòro láti yà. Ó ga fíofío, ó tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ewé rẹ̀ sì ki débi pé láti òkèèrè, kìkì dúdú lojú ń rí. Bí ayàwòrán bá bu ọ̀dà dúdú lé e, igi náà á di ihò láàárín àwòrán. Bí ó bá sì fi àwọ̀ ewé lásán kùn ún bí igi yòókù, kò ní jọ sáípírẹ́sì mọ́. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí oòrùn ti ń mú kí ilẹ̀ àti ọkà máa tàn yanran, ìṣòro yìí tún le sí i. Vincent van Gogh, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, dojú kọ ọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 1889.

Ara rẹ̀ kò yá nígbà náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìtọ́jú àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà ní Saint-Paul-de-Mausole, lẹ́bàá ìlú Saint-Rémy. Ní agbègbè náà, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbin sáípírẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ láti fi gba ọkà àti èso lọ́wọ́ ẹ̀fúùfù líle tí wọ́n ń pè ní mistral. Wọ́n sì ń gbìn ín sí itẹ́ òkú, nítorí ó ti pẹ́ tí igi náà ti di igi ọ̀fọ̀. Nínú ìwé Metamorphoses, Ovid, akéwì ará Róòmù, sọ ìtàn ọmọkùnrin Cyparissus tó ṣèèṣì fi ọ̀kọ̀ pa àgbọ̀nrín tó fẹ́ràn. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣọ̀fọ̀ títí láé, ni òrìṣà Apollo bá sọ ọ́ di sáípírẹ́sì. Àwọn akéwì Páṣíà ní tiwọn kì í fi ikú wò ó: ìdúró olólùfẹ́ wọn, tó gún régé, ni wọ́n ń fi wé e.

Ohun tí Van Gogh kọ sí Theo, àbúrò rẹ̀, yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn. Ó ní ìlà ara igi náà àti ìwọ̀n rẹ̀ dára bí òpó òkúta àwọn ará Íjíbítì. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì yà á bí òun ṣe ń rí i, àti pé dúdú yẹn wà lára ohun tó nira jù láti mú bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ pọ́ńbélé nìyí. Aláìsàn ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbà á lọ́kàn.

Ẹ wo àwòrán tí wọ́n pè ní Cypresses, tó wà ní Metropolitan Museum ní New York. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 93, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 74. Igi méjì fara ti ara wọn níbẹ̀, èyí tó tóbi sì ga débi pé etí àwòrán gé orí rẹ̀ kúrò. Mo ka ìpinnu yìí sí ọ̀kan lára èyí tó gbọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ayàwòrán mìíràn ì bá sún sẹ́yìn kí ṣóńṣó orí igi lè hàn, nítorí òun la fi ń dá sáípírẹ́sì mọ̀. Van Gogh fi dù wá, ojú wa sì parí gíga igi náà fúnra rẹ̀.

Ẹ wá sún mọ́ ọn. Dúdú tí a rò pé a rí ti di oríṣiríṣi. Àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ ló pọ̀ jù, aró wà láàárín rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè àti pupa rúsúrúsú sì ń yọ níhìn-ín lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ráyè wọlé. Ọ̀dà náà nípọn, ó wú sókè lórí aṣọ tó yà á sí, èèyàn sì lè fojú tọpasẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti gbéra. Kò sí ìlà kan tó lọ tààrà. Gbogbo wọn ń lọ́, wọ́n ń yí, wọ́n ń gun ara wọn lọ sókè. Lẹ́yìn igi ni àwọn òkè aláwọ̀ aró wà, àti àwọsánmà tó pọ́n díẹ̀, àti òṣùpá tín-ín-rín lápá ọ̀tún lókè. Ó fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ya ìwọ̀nyí kí igi lè wúwo.

Ó tún fi gègé ya igi kan náà sórí bébà láti fi ránṣẹ́ sí Theo. Brooklyn Museum ni èyí wà. Esùsú ló fi ń gbẹ́ gègé rẹ̀, irú kálàmù tí àwọn ààfáà wa fi ń kọ wàláà. Gègé esùsú kì í gba tàdáwà púpọ̀ sára. Ìlà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpọn, á máa tín-ín-rín lọ, á sì gbẹ, ọwọ́ á tún padà síbi tàdáwà. Nítorí náà kò sí ìlà gígùn níbẹ̀. Kéékèèké ni gbogbo wọn, wọ́n ká bí irun, wọ́n ki níbi òjìji, wọ́n sì fọ́nká níbi ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ kankan kò sí tó lè bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú gbogbo sáípírẹ́sì rẹ̀, èyí ni màá mú, ṣáájú The Starry Night tí gbogbo ayé mọ̀.

The Starry Night náà, oṣù kẹfà yẹn kan náà ló yà á. Láti ojú fèrèsé onírin yàrá rẹ̀, oko ọkà, òkè àti ojú ọ̀run ìlà-oòrùn ló ń rí. Abúlé tó wà nínú àwòrán kò sí lójú fèrèsé yẹn. Yàrá mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, lójú ọ̀sán. Ìrántí àti èrò ló fi kó òru náà jọ, ó sì gbé sáípírẹ́sì wá síwájú, lápá òsì, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè àwòrán. Ọwọ́ tó ti ya igi kan lóòjọ́ níta gbangba kò nílò kí igi náà dúró níwájú rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ìrántí ń ṣe sí iṣẹ́ hàn jù nínú Wheat Field with Cypresses. Inú oko ló ti kọ́kọ́ yà á ní oṣù kẹfà. Ní oṣù keje àìsàn gbé e ṣánlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, ó tún un yà nínú ilé. Èyí ni National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù rà ní 1923. Ti oko, tó wà ní New York, ọ̀dà rẹ̀ nípọn jù, ìkánjú ẹ̀fúùfù sì wà nínú rẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù rọlẹ̀, ìlà rẹ̀ létò. Mo fẹ́ràn ti oko, ṣùgbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù ló fi hàn bí ó ṣe ń ronú.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1890, kó tó kúrò ní Saint-Rémy, ó ya sáípírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tó wà ní Kröller-Müller Museum ní Otterlo báyìí. Igi náà wà láàárín gbùngbùn, ìràwọ̀ lápá òsì, òṣùpá lápá ọ̀tún, èèyàn méjì ń bọ̀ lójú ọ̀nà nísàlẹ̀. Nígbà tó dé Auvers ní àríwá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan sí Gauguin, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé bí òṣùpá náà kò ṣe ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ àti bí òun ṣe mú kí ìràwọ̀ tàn kọjá bó ṣe yẹ, ó sì fi gègé ya igi náà sínú lẹ́tà. Kò parí lẹ́tà ọ̀hún títí tó fi kú ní ọjọ́ 29 oṣù keje.