Òwú Àràbà Lójú Omi

Ìsinbọ̀dé-Èkìtì jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ àràbà nílẹ̀ Èkìtì? Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, èso rẹ̀ á là, òwú rẹ̀ á máa fò kiri. Ìrọ̀rí nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó wúlò fún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú òwú yìí ló kó ọ̀pọ̀ atukọ̀ yọ lọ́wọ́ ikú omi.

Kọ́ọ̀kì, èèpo igi kan báyìí, ni àwọn adóòlà ẹ̀mí lójú omi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wọ̀ mọ́ra bí ẹ̀wù ìléfòó láti 1854. Ó le gbagidi. Òwú àràbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbapò rẹ̀ ní 1904. Ẹ wo ọgbọ́n inú fọ́nrán òwú náà: ó ṣófo bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìda fẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ sì ń lé omi sẹ́yìn. Ó lè gbé ohun tó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30 léfòó! Nígbà tí Japan gba Java, erékùṣù tí òwú yìí ti ń wá, ní 1942, ó wọ́n débi pé àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ń já èso koríko nínú igbó láti fi rọ́pò rẹ̀.

Àbùkù òwú àràbà ni pé bí wọ́n bá ń jókòó lé e, á fún pọ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Fóòmù tí wọ́n rán sínú náílọ́ọ̀nù ló wọ́pọ̀ lónìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.