Vermentino: Ìkorò Tó Ń Bá Iyọ̀ Òkun Rìn

Ìkorò ló máa ń ya ẹni tó ń mu Vermentino fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu. Wáìnì funfun ilẹ̀ Ítálì yìí ń ta sánsán bíi lẹ́mọ́ọ̀nù àti èso péà, ó kan díẹ̀, kì í sì í dùn bíi ṣúgà. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e mì tán ni ìkorò kékeré kan, tó jọ ti álímọ́ńdì, á wá jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n. Àwọn kan á ní ó ti bàjẹ́. Ẹni tó kọ àròkọ yìí, tó ń fi gbígbé wáìnì síwájú àwọn tó ń jẹun ṣiṣẹ́ ṣe, gbà pé ìkorò yẹn gan-an ni iyì rẹ̀.

Vermentino ti Gallura, ní àríwá ìlà-oòrùn erékùṣù Sardinia, ni ọkàn òǹkọ̀wé náà fà sí jù. Akọ òkúta ló tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, èyí tó sì ti rún nínú rẹ̀ ti di iyanrìn tí kì í dá omi dúró, tí kò sì lọ́ràá. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Maestrale ń fẹ́ wọlé láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, ó ń gbẹ ewé àjàrà, àwọn àrùn tí ọ̀rinrin ń fà kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Lọ́dún 1996 ni Vermentino di Gallura gba DOCG, òǹtẹ̀ tó ga jù lọ fún wáìnì ilẹ̀ Ítálì. Òun nìkan ló ní i ní gbogbo Sardinia.

Orúkọ àjàrà Vermentino pọ̀ o. Pigato ni wọ́n ń pe àjàrà kan náà ní ìwọ̀-oòrùn Liguria, Favorita ni ní Piedmont, àwọn ará gúúsù Faransé sì ń pè é ní Rolle.

Ibi oúnjẹ ni iṣẹ́ ti dùn. Bottarga ni kí a kọ́kọ́ mú: ẹyin ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì sá títí ó fi le. Ìlú Cabras, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Sardinia, lókìkí fún un. Wọ́n á rin ín sórí sùpàgẹ́tì tí wọ́n ti fi òróró ólífì pò. Bí wọ́n bá gbé wáìnì pupa tó ń fún ẹnu pọ̀ tì í, ẹyin ẹja náà á máa ta lẹ́nu bí irin. Kíkan Vermentino ní tirẹ̀ á ṣí òróró kúrò lẹ́nu, ìkorò á pàdé iyọ̀, adùn ẹja á sì yọ síta.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fregola, sẹ̀mó tí wọ́n fi omi ṣù wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì yan nínú ààrò. Inú omi ọbẹ̀ arselle, àwọn ẹran kékeré inú ìkarahun òkun, ni wọ́n ti ń sè é.

Ní Liguria, pesto ló ń dúró dè é. Ewé básílì, tó jẹ́ ìbátan efinrin wa, ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ aáyù, èso igi páìnì, wàràkàṣì, iyọ̀ àti òróró. Oúnjẹ yìí ń da ọ̀pọ̀ wáìnì láàmú, nítorí òórùn ewé náà le, aáyù sì wà níbẹ̀. Pigato ní òórùn ewé tirẹ̀, kì í sá fún un.

Àmọ́ fún porceddu, ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ará Sardinia ń fi iná igi yan, wáìnì pupa Cannonau ni kí wọ́n ṣí.

Òtútù àpọ̀jù ni ọ̀tá Vermentino. Bó bá ṣe jáde láti inú fíríìjì ni wọ́n ṣe gbé e wá, kò ní ta sánsán, ìkorò rẹ̀ nìkan ni yóò sì hàn. Ìwọ̀n 10 sí 12 Celsius dára fún un. Kí wọ́n jẹ́ kó dúró díẹ̀ lórí tábìlì. Lẹ́mọ́ọ̀nù tún ń kó bá a. Ní Alghero, ìlú kan ní Sardinia, wọ́n ń fi tòmátò, àlùbọ́sà tútù àti òróró jẹ edé ńlá bíbọ̀. Bí lẹ́mọ́ọ̀nù bá pọ̀ lórí rẹ̀, wáìnì á tẹ́ lẹ́nu. Nítorí náà, kí alásè fún un díẹ̀ péré, kí ẹni tó ń gbé ọtí sì fi ẹnu tọ́ àwo náà wò kó tó ṣí ìgò.