Johnson, Ọ̀yọ́ àti àwa Ẹ̀gbá
Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, dùn-ún kà, ṣùgbọ́n ojú ọmọ Ọ̀yọ́ ló fi wo nǹkan. Bí Ọ̀yọ́ ṣe tú, lójú tiẹ̀, ayé bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé bó ṣe rí fún Ẹ̀gbá nìyẹn? Lísàbí ti gbà wọ́n lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ tipẹ́. Nígbà tí ogun lé wọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ àti Ògbóni ẹ̀ dání. Aláké kankan ò jẹ níbẹ̀ títí di 1854, ìgbà tó kan Okùkẹ́nù. Ṣódẹkẹ́, jagunjagun, ló ṣáájú wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tèmi, ètò tí kò ní ọ̀gá kan ṣoṣo kì í ṣe rúdurùdu. Àmọ́ ti ẹrú tí ogun wọ̀nyẹn kó, Johnson jàre: Hastings ní Sàró ni wọ́n bí i sí.