Ilé Ọba Tó Jó: Àyẹ̀wò Independence House gẹ́gẹ́ bí Ilé Àfihàn Ọnà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun kan fara sin nínú òwe yìí: ilé náà ní ọba, ọba náà sì ṣe tán láti tún un kọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Ilé Kòkó, àwòṣífìlà Ìbàdàn. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, iná jó o ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Ní 1992, ó padà di ilé ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ Independence House ní Èkó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n kọ́ ilé yìí, tí àjà rẹ̀ lé ní 20, gẹ́gẹ́ bí àmì ìfẹ́ sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira 1960. Nígbà tó yá, ó di olú ilé-iṣẹ́ ètò ààbò. Iná jó o ní 1993. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2019, Lagos Biennial, tí Folakunle Oshun dá sílẹ̀, kó iṣẹ́ ọnà òde òní wọ inú rẹ̀.

Ìrísí ilé ni ó yẹ kí olùwòye kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, yàrá kéékèèké àti àjà lórí àjà, ọ̀gá ní láti wà lókè, kí ẹni tó wá tọrọ nǹkan sì dúró nísàlẹ̀. Ilé àfihàn ọnà, ní tirẹ̀, ń fẹ́ kí ará ìlú wọlé láìtọrọ àyè. Nítorí náà, nígbà tí ará ìlú lásán rìn wọ ibi tó ti jẹ́ ti àwọn aláṣẹ ológun, ìwọlé náà fúnra rẹ̀ ti di apá kan ọnà tí wọ́n wá wò. Àléébù wà níbẹ̀ pẹ̀lú: yàrá kéékèèké máa ń ya iṣẹ́ kan nípa sí èkejì, àtẹ̀gùn sì lè dá àgbàlagbà padà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ pé irú àfihàn báyìí gba ilé àtijọ́ là ti sọ àsọdùn. Àlejò a máa gbálẹ̀ yàrá tí wọ́n fi í wọ̀ sí. Kì í ṣe òun ni yóò bo òrùlé. Ní 2017, ọgbà rélùwéè ni Lagos Biennial ti wáyé. Ní 2024, Tafawa Balewa Square, tó wà nítòsí Independence House, ni ó bọ́ sí. Àfihàn ń ṣí kiri, ilé kò kúrò lójú kan. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street, tó di Freedom Park ní 2010, fi ọ̀nà mìíràn hàn: wọ́n tún ibẹ̀ kọ́ fún iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìtọ́jú.

Òrùlé tí kò jò, omi, iná, àtẹ̀gùn tó dúró ṣinṣin, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn wọ̀nyí ló ń sọ ọ́fíìsì di ilé ọnà. Bí kò bá sí ọba nílé, ẹwà tí ọnà bù sí ilé tó jó yóò bá àlejò lọ.