Àròkọ Ọmọ Gamkalley: Àríwísí lórí Bí A Ti Ń Yẹ Àròkọ Ọdún Kìíní Wò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ìwé àròkọ kan wà níwájú wa bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ojú-ewé mẹ́ta ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan ni ó kọ ọ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, fún ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀ nínú àròkọ Yorùbá. Orí ọ̀rọ̀ tí a fún un ni "Àdúgbò tí a ti tọ́ mi dàgbà". Àdúgbò tí ó sì ṣàpèjúwe ni Gamkalley, ní ìlú Niamey, létí Odò Ọya. Máàkì tí ó gbà kò tó èyí tí a fi ń yege. Wọ́n ní kí ó tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kò mú ìwé náà jáde láti dójú ti ẹnikẹ́ni, nítorí náà a kò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí olùkọ́. Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ ni pé ọ̀nà tí a fi yẹ ìwé náà wò ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀, tí a sì rò pé òun ni ó tọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ọmọ Sakété, ní ilẹ̀ Benin, ni àwọn òbí rẹ̀; òwò ni ó gbé wọn dé Niamey, bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá mìíràn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Zarma àti Haúsá ni ọmọ náà ń gbọ́ ní ìta, Faransé ni a fi kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Nígbà tí òfin ka èdè mẹ́wàá sí èdè orílẹ̀-èdè ní ilẹ̀ Niger ní ọdún 2001, Yorùbá kò sí nínú wọn, kò sì sí ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ yìí lè lọ kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Ìwé kékeré kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ mú wá láti Benin ni ó fi mọ Yorùbá kà. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, ɛ ni a fi ń kọ ohun tí àwa ń fi ẹ kọ, ɔ ni a fi ń kọ ọ, sh ni a fi ń kọ ṣ, kp ni a fi ń kọ p. Bí ó ti kọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí tádàwá pupa ṣe. Olùkọ́ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ɛ àti gbogbo ɔ, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti fara hàn. Ó fi òbìrìkìtì yí gbogbo sh àti kp ká. Ní ojú-ewé kìíní nìkan, àmì wọ̀nyí ju ogójì lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a sì kà sí àṣìṣe tirẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kẹta, a kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Akoto yin ko dara rara." Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ohun tí ọmọ náà sọ. Nígbà tí ó mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì wa, ìbéèrè kan ni ó bi wá: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, èwo nínú ohun tí mo sọ ni kò yé wọn?"

A ka àròkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ni ó yé wa, àyàfi ibi méjì tí a óò mẹ́nu bà láìpẹ́. Ó sọ nípa etí odò ní òwúrọ̀, àti nípa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gba orí Afárá Kennedy, èyí tí a ṣí ní 1970, kọjá sí òdìkejì odò níbi tí yunifásítì wà. Ní ìpínrọ̀ kejì ó sọ pé ìyá òun a máa ka owó ní Haúsá fún oníbàárà, a máa kí aládùúgbò ní Zarma, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrè wà nínú ọjà náà, Yorùbá ni ó ń fi ṣe ìṣirò nínú ara rẹ̀. Ẹni tí ó kọ ìpínrọ̀ yìí ti wo ìyá rẹ̀ dáadáa, ó sì ti ronú lórí ohun tí ó rí. Ìlà pupa nìkan ni ó rí gbà fún un.

Nísinsìnyí, kí ni a lè pè ní àṣìṣe nínú ìwé náà? Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ náà dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èkíní ni lẹ́tà tí ó wá láti inú àkọtọ́ mìíràn tí ìjọba kan fọwọ́ sí. Àkọtọ́ tiwa ní ìtàn tirẹ̀: ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ìdí àmì abẹ́ lẹ́tà múlẹ̀, ìgbìmọ̀ tí a yàn ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní 1966 tún un yẹ̀ wò, ní 1974 ni a sì fọwọ́ sí èyí tí a ń lò ní ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ "ayé" dípò "aiye", àti "yóò" dípò "yio". Ní Benin, ọdún 1975 ni a gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà, kí ẹni tí ó bá mọ Fọ̀n kà lè mọ Yorùbá àti Ìbàrìbá kà láìtún ábídí kọ́. Ní Niamey gan-an, ìlú tí a ti tọ́ ọmọ yìí, ni àwọn onímọ̀ tí UNESCO pè jọ ti jókòó ní oṣù keje ọdún 1978 láti wá álífábẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo èdè Áfíríkà lè máa wò. Ɛ àti ɔ wà nínú èyí tí wọ́n gbé jáde. A kò sọ èyí láti fi hàn pé ti Benin sàn ju tiwa lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó kọ ɛ kò ṣe àṣìṣe bí ẹni tí ó kọ e níbi tí ẹ yẹ kí ó wà. Ó mọ ìyàtọ̀ ìró méjèèjì, ó sì fi hàn nínú ìkọ̀wé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Èkejì ni ohun tí ilé-ìwé Faransé fi sí i lọ́wọ́. Ní ojú-ewé kẹta, bóyá nítorí ìkánjú, ó kọ "ilè" ní ibi mẹ́rin níbi tí ó ti kọ "ilɛ" tẹ́lẹ̀. Nínú Faransé, àmì tí ó wà lórí è ń sọ irú fáwẹ́lì tí a ó pè, kò sì ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ohùn: è wọn jọ ẹ wa, é wọn jọ e wa. Nínú Yorùbá, àmì kan náà ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. Nítorí náà "ilè" lọ́wọ́ ọmọ yìí kì í ṣe ìwà àìbìkítà. Èdè méjì ni ó pàdé lórí lẹ́tà kan. Àṣìṣe ni, ó sì yẹ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò bá mọ ibi tí ó ti wá kò lè tún un ṣe. Yóò kàn fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ọmọ náà yóò sì tún un kọ bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀kẹta ni àṣìṣe gidi, èyí ni tádàwá pupa kò sì fọwọ́ kàn. Ọmọ náà pa ọ̀rọ̀ pọ̀ níbi tí kò yẹ: ó kọ "moti" fún "mo ti", àti "fun" fún "fún un". Kò sì fi àmì ohùn sí ibì kankan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ "Baba mi ra ɔkɔ tuntun." Olùkọ́ fa ìlà sí abẹ́ ɔ méjèèjì, ó sì kọjá lọ, kò béèrè bóyá ọkọ̀ ni bàbá rà ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọ̀kọ̀. Ó tún kọ "Iya mi n ta igba leti odo." Igbá tí a fi ń bu omi ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ìyá rẹ̀ lè rò pé igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni. Ibi méjì tí kò yé wa nìyí, nínú méjèèjì kò sì sí èyí tí ɛ tàbí ɔ fà. Àìsí àmì ohùn ni ó fà á.

Ẹ padà wo gbólóhùn tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Akoto yin ko dara rara." A dà á kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, láìsí àmì kan lórí tàbí lábẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ẹni tí ó gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nítorí àkọtọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí àkọtọ́ 1974 kò gbà. Kì í ṣe òun nìkan. Nínú ìwé tí àwa fúnra wa ń kọ sí ara wa, ní ọ́fíìsì àti ní ilé ìtẹ̀wé, mélòó ni ó ní àmì ohùn pé? Lẹ́tà tí ó ṣàjèjì yá ojú láti rí. Àmì tí kò sí níbẹ̀ ni kò yá ojú rí, pàápàá fún ẹni tí kò lò ó.

Kí ni ó mú wa dé ibi yìí? A rò pé ẹ̀kọ́ náà ti ní àbùkù kan láti ibi tí a ti mú un. Ní 1874, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àròkọ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá àyè wọlé, ó sì ní kí sípẹ́lì àti gírámà wọn pé. Ní 1885 ni ó gbé ẹ̀kọ́ àròkọ ọdún kìíní kalẹ̀, tí a ń pè ní English A. Nígbà tí Yunifásítì Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Nsukka ní 1960, ó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé lábẹ́ orúkọ Use of English, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí asẹ́ ni ẹ̀kọ́ náà ti rí: ó ń dá ẹni tí kò mọ sípẹ́lì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a ṣe irú rẹ̀ fún Yorùbá, a gbé asẹ́ náà wá pẹ̀lú. A ń kọ́ ọmọ ní orúkọ oríṣiríṣi àròkọ, onílẹ́tà, aṣàpèjúwe, aláríyànjiyàn, lẹ́yìn náà a ń ka ìlà pupa.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí àwa fún un sàn ju èyí lọ. Àròkọ ni ohun tí a rò, tí a sì kọ. Èrò ni ó ṣíwájú. Àwọn baba wa sì ní àrokò, tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn kí ìwé tó dé: ẹni tí ó bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà, nítorí ẹ̀fà ni, ẹni tí ó fi mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ìmọ̀ àjùmọ̀ní ni ó mú kí ẹyọ sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkọtọ́ rí. Àdéhùn láàrin akọ̀wé àti òǹkàwé ni. Kí ìtumọ̀ lè dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí ni a ṣe ń ṣọ́ ọ.

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá gba ɛ láàyè, ìdánwò yóò dàrú. A kò ní kí a gbà á láàyè nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi jáde. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ àkọtọ́ Nàìjíríà, a kò sì gbọ́dọ̀ dá a sí lórí èyí. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí a kọ́ ọ kí a tó dán an wò. Àwọn onímọ̀ Haúsá mọ̀ pé ƴ ni a ń kọ ní Niger, pé 'y ni a ń kọ ní Nàìjíríà; a kò gbọ́ pé èdè náà dàrú nítorí rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti àkọtọ́ nìkan, kí olùkọ́ sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ibi tí ó ti kọ́ Yorùbá kà. Kí a ka àṣìṣe kan tí ó tún ara rẹ̀ ṣe sí ẹyọ kan. Kí máàkì èrò àti ti ètò ìpínrọ̀ dúró lọ́tọ̀, kí ti àkọtọ́ má lè gbé wọn mì. Kí àwọn olùdánwò béèrè àmì ohùn lókè àti ìsàlẹ̀, kí àwọn náà sì fi í sí ohun tí wọ́n bá kọ sí orí ìwé ọmọ. Kí àwọn atẹ̀wé fi ojú-ewé kan sí ẹ̀yìn ìwé àròkọ, tí yóò to lẹ́tà Benin àti ti Nàìjíríà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ó gba àlàyé.

A fi irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ lé ọmọ Gamkalley lọ́wọ́, a sì ní kí ó tún àròkọ rẹ̀ dà kọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó gbà á láti yí lẹ́tà padà. Àmì ohùn gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ṣì ń ṣì í ní ibì kan tàbí méjì. Ìpínrọ̀ nípa ìyá rẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n ọdún kan ti lọ kí ó tó bá ẹni tí yóò bá a wí pàdé. Àwọn mélòó ni wọn kò sì mú ìwé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni? Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni a ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin olùdánwò pé kí ẹ mú wá sí ibi tí ẹ ti ń yẹ ìwé wò.