Oko Àjọní àti Ààlè: Lámèyítọ́ Ètò Ìdáàbòbò Díìsìkì Ògidì Nínú Àgbájọ Sáfà Oracle

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Oracle ń gbà dáàbò bo díìsìkì tí ọ̀pọ̀ sáfà jọ ń lò lórí Linux. Nínú ètò RAC tí Oracle 9i gbé jáde ní 2001, sáfà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jùmọ̀ ṣí dátábéèsì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Ìbéèrè wa ni pé: níbo ni ààlà oko àjọní yìí wà?

Àgbéyẹ̀wò

Díìsìkì ògidì ni èyí tí a kò to ètò fáìlì kankan sí lórí; dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ nǹkan sí i tààrà. Ó yẹ kí a gbóríyìn fún Oracle nípa ààlà tó pa sáàárín àwọn sáfà. Wọn a máa gba àyè lọ́wọ́ ara wọn kí wọ́n tó kọ nǹkan. Sáfà tí kò bá sì rí ju ìdajì àwọn díìsìkì ìdìbò lọ, ètò náà yóò yọ ọ́ kúrò láwùjọ.

Ti ará òde ni àléébù wà. Lójú Linux, díìsìkì ògidì tó kún fún dátà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo. Alábòójútó tó ń wá àyè lè pàṣẹ mkfs lé e lórí láìfura. ASM, ètò ìpamọ́ tó bá Oracle 10g wọlé, ń kọ àmì ìdánimọ̀ díìsìkì sínú báìtì 4,096 àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, ASM kò ní mọ díìsìkì náà mọ́. Orí sáfà kan ni àṣìṣe ti wáyé. Gbogbo sáfà ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni orúkọ. Díìsìkì tó ń jẹ́ sdb lórí sáfà kan lè máa jẹ́ sdc lórí èkejì, ó sì lè yí padà bí a bá pa ẹ̀rọ tí a tún un tàn. Òfin udev ń tún èyí ṣe: nọ́ńbà ìdánimọ̀ díìsìkì fúnra rẹ̀ ni ó ń lò láti sọ ọ́ ní orúkọ kan náà níbi gbogbo, tí ó sì ń fún un ní olówó pẹ̀lú àṣẹ 0660. Síbẹ̀, 0660 kò lè di root lọ́wọ́, root gan-an ni ó sì sábà máa ń pàṣẹ mkfs.

Ó di 2014 kí Oracle tó gbé ASMFD jáde, èyí tó ń kọ ohunkóhun tí kì í ṣe Oracle ni ó fẹ́ kọ ọ́ sórí díìsìkì. Èrò wa ni pé ọdún 13 ti pẹ́ jù. Wọ́n tètè kọ́ àwọn ọmọ ilé láti má jà, wọ́n sì gbàgbé ìlẹ̀kùn òde.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún olùkọ́ ni pé ìṣọ́ra ni kí a kọ́kọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó kọ́ ọ ní àṣẹ. Kí ó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wé ara wọn lórí gbogbo sáfà. Kí ó fi kfed yẹ orí díìsìkì wò kí ó tó kọ ohunkóhun sí i. Kí ó la ìpín kan sórí díìsìkì kí ASM tó gbà á, nítorí ìpín náà ni ààlè tí àlejò yóò rí. Kí ẹ̀dà dátà sì wà níbòmíràn, torí ọ̀pọ̀ sáfà kì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Bí èsì ìdánwò ọdún mẹ́wàá bá parẹ́ lórí díìsìkì àjọní, iye sáfà tó wà nídìí rẹ̀ kò lè dá a padà.